Páálí Oníhò

Ọkọ mi kì í ka ìwé. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ó mọ̀wé dáadáa. Bó bá mú ìwé ìròyìn láàárọ̀, á kà á tán pátápátá, títí kan ibi tí wọ́n ti ń polówó bàtà. Ìwé tí wọ́n bá gbé wá bá a níbi iṣẹ́ ni kì í kà. Bẹ́ẹ̀ ìwé ni iṣẹ́ ẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, torí òun ló ń tẹ èdìdì ní kóòtù. Ìwé àdéhùn tí èèyàn méjì ṣe, ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìdájọ́, kò sí èyí tó máa jáde níbẹ̀ tí kò ní gba abẹ́ irin ẹ̀ kọjá. Kí adájọ́ buwọ́ lù ú, kí lọ́yà mẹ́wàá buwọ́ lù ú, bí irin ọkọ mi ò bá tíì tẹ̀ ẹ́, bébà lásán ni.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ó gé páálí kan tó fẹ̀ tó ojú ìwé, ó wá lu ihò róbótó kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá gbé ìwé dé, páálí ló máa kọ́kọ́ gbé bò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé á bọ́ sábẹ́ páálí, ibi tí èdìdì máa wà nìkan ló máa yọjú nínú ihò. Ibẹ̀ ló máa ki ẹnu irin bọ̀, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, á dá ìwé padà fún olówó ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ débi pé gbogbo kóòtù ti gbàgbé orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, Bàbá Onípáálí ni gbogbo wọn ń pè é, àtadájọ́ àtẹni tó ń gbálẹ̀. Bí inú mi bá dùn sí i, èmi náà á pè é ní Onípáálí mi. Bí inú mi ò bá dùn sí i, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi àṣà páálí yẹn lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá náà ní ẹni tó bá ń tẹ èdìdì tó tún ń kàwé, kò ní pẹ́ tó fi máa di ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, ẹlẹ́rìí kì í sì í lọ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà ló sọ ọ́ fún mi, mo sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo ní ta ló máa di ẹran mú tí kò ní lá ọwọ́? Ó ní òun ni. Mo ní irọ́ lẹ ń pa. Mo ṣáà fẹ́ ẹ, torí pé ó mọ́ tónítóní, ó sì máa ń tẹ́tí sí mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin. Àmọ́ pé kì í yọjú wo abẹ́ páálí yẹn, mi ò gbà á gbọ́.

Ẹ wá wo èmi. Télọ̀ ni mí, iwájú ilé ni mo gbé ẹ̀rọ mi sí, ojú mi sí títì, etí mi sí títì. Obìnrin tó bá wá wọn aṣọ, bó bá ṣe ń bọ́ aṣọ ló ń tú ẹnu. Ohun tí mo bá gbọ́ láàárọ̀, ó ti ń yọ mí lẹ́nu kó tó di ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó mọ eré ṣe wá lọ mú èmi àti ọkùnrin tí ẹnu ẹ̀ le bí ẹnu igo, ó kó wa sínú ilé kan. Á dé láti ibi iṣẹ́, màá ní báwo ni iṣẹ́, á ní dáadáa ni. Màá ní kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lónìí, á ní wọ́n gbé ìwé wá. Màá ní irú ìwé wo, á ní ìwé funfun. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé kò tó kéèyàn sọ sísọ́ọ̀sì lu èèyàn?

Nínú ilé náà, òun ló ń di ohun gbogbo. Òun ló ń di ẹnu àpò ìrẹsì, òun ló ń di ọ̀rá búrẹ́dì, kókó tó bá sì ta, ọwọ́ ẹlòmíì ò lè tú u. Ọmọ wa ti gbé búrẹ́dì dání rí tó ń sunkún ebi, torí pé bàbá ẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ́jú ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ n la ọ̀rọ̀ èdìdì yìí yé yín díẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Ọ̀kan ni ti ìwé tá a fẹ́ kí gbogbo ayé rí, kí wọ́n sì gbà á gbọ́, irú ìwé àdéhùn. Ìkejì ni ti ìwé tá a ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí mọ́. Adájọ́ á ní ẹjọ́ báyìí ti parí, kí wọ́n pa á dé. Ẹjọ́ àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù nínú irú ẹ̀. Ọmọdé á ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n á bá a wí bó ṣe yẹ, wọ́n á wá ní kí ohun tó ṣe nígbà tí kò gbọ́n má tẹ̀ lé e dọjọ́ alẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, ohun táwọn àgbà sọ nìyẹn, kóòtù náà sì mọ̀ ọ́n.

Bí ọkọ mi ṣe ń pa á dé rèé. Ó gbọ́dọ̀ ka iye abala ìwé tó wà nínú fáìlì, kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ lọ́jọ́ kan pé ọ̀kan sọnù. Yóò dojú fáìlì délẹ̀, ẹ̀yìn ìwé tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni yóò máa kà. Bó bá kà á tán, á lu ihò méjì sí etí fáìlì, á ki okùn pupa bọ̀ ọ́, á ta kókó ẹ̀ tẹ́ ẹ ti mọ̀ yẹn. Á yọ́ ìda pupa lórí àbẹ́là, á kán an sórí kókó, kó tó gbẹ á tẹ èdìdì kóòtù mọ́ ọn. Ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó di ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣí i. Bí ìda yẹn bá sán bí irun orí, ọkọ mi á rí i.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni. Òun ló mú ọmọkùnrin kan wálé, tó máa ń bá wọn tún àwọn fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn sí ṣe ní ọsibítù. Onífíríìjì ni mo ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́ ju ọwọ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ọkọ mi ló ṣílẹ̀kùn fún un, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo rí i tí ọkọ mi wò ó, tó sì dúró gbọnin. Kò pẹ́ rárá, bí ìgbà tí òwú bá lọ́ mọ́ra lábẹ́ ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ sì dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní káàbọ̀, ọmọ mi, ó sì fa àga ẹ̀ fún un, àga tí èmi tí mo fẹ́ ẹ sílé ò gbọ́dọ̀ jókòó lé. Ọmọ náà fi ìdí lé etí àga báyìí, ó dorí kodò. Mo ní nínú ara mi pé ojú ló ń ti àwọn méjèèjì.

Ó wá di ẹni tó ń wá lemọ́lemọ́. Fíríìjì wa tó ti ń hanrun látọdún tó kọjá, ó tún un ṣe, ilé sì dákẹ́ débi pé mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Bó bá jẹun tán, á gbé abọ́ ẹ̀, á lọ fọ̀ ọ́, á fọ tèmi náà mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní í purọ́. Mo ti ń rán aṣọ ìgbéyàwó nínú ọkàn mi, mo ti dé ibi ọrùn.

Ibi ọrùn yẹn ni mo wà tí ìyá oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ títì fi wá gbìyànjú aṣọ ẹ̀ wò. Ó dúró lórí àpótí, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń fi píìnì há etí aṣọ. Onífíríìjì ń kọjá lọ, ó kí wa, a dá a lóhùn. Bó ṣe yí kọ́nà, obìnrin yìí pòṣé. Ó ní ṣé kì í ṣe ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù nígbà tó ṣì wà nílé ìwé nìyẹn? Ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wúwo, wọ́n lé gbogbo èèyàn jáde nínú kóòtù lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní kí wọ́n di fáìlì ẹ̀ pa. Ó wá bojú wolẹ̀ wò mí, ó ní kí n lọ bi ọkọ mi, ṣebí ọwọ́ ẹ̀ ló dì í. Píìnì wọ̀ mí níka, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Ọkọ mi ò tíì bọ́ bàtà tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo fi dúró lé e lórí. Mo ní ṣé òun ló di fáìlì Onífíríìjì. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan, ó bọ́ èkejì, ó ká wọn sínú ara wọn. Ó ní òun ò ní sọ pé òun dì í, òun ò sì ní sọ pé òun ò dì í. Mo ní ó dáa, kò burú, kó ṣáà sọ bóyá òun mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ní ìyẹn náà, òun ò ní sọ. Ó ní bí òun bá ń sọ pé òun ò mọ̀ nígbà tóun ò mọ̀, ọjọ́ tóun bá dákẹ́, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé òun mọ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló tún jẹ́ kó dùn mí sí i.

Mo wá rọ ohùn mi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ kan péré la ní, kó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọmọ wa fẹ́ ẹ àbí kó má fẹ́ ẹ. Ó wò mí pẹ́, mo sì rí i pé kò dùn mọ́ òun náà.

“Bí mo bá ní kó fẹ́ ẹ, o ti mọ díẹ̀ nínú ohun tí adájọ́ ní kẹ́nikẹ́ni má mọ̀,” ó ní. “Bí mo bá ní kó má fẹ́ ẹ, o ti mọ̀ ọ́n tán. Ìwọ ni kó o wo ọmọ náà. Ohun tó o bá sọ labẹ gé.”

Ẹ bá mi gbọ́ o. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bá a bá fẹ́ kun ilé, àwọ̀ tó bá wù ú là ń kùn, ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ tá a bí, ó ní òun yọwọ́. Inú bí mi débi pé mo pinnu pé mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyà ara mi ni mo ń fi jẹ, torí òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìjà là ń jà. Ó ń jẹun, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń sọ fún mi pé ilé tù ún lára. Àwọn oníbàárà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí.

Mo kọjú sí ọmọ wa. Mo ní ṣé ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, Onífíríìjì ti sọ gbogbo ẹ̀ fún òun látìgbà tí wọ́n ti mọra, ó sì ní bóun ò bá fẹ́ ẹ mọ́, kóun máa lọ, àmọ́ òun ò lọ. Mo ní kó sọ ọ́ fún èmi náà. Ó ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi láti sọ.” Ẹni bíni là á jọ. Ó wá fi kún un pé Onífíríìjì ń bọ̀ ní Sọ́ńdè láti wá bá wa sọ ọ́ lójúkojú pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní bí mo bá ní rárá, òun ò ní tẹ òfin mi lójú, òun ò ní fẹ́ ẹ. Àmọ́ kí n má retí pé òun á tètè mú ẹlòmíì wá. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ká ní ó sunkún ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni gbogbo ẹ̀ ṣe wá dorí mi. Mo mú oúnjẹ ọ̀sán, mo forí lé kóòtù. Mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ ni mo gbé fún ọkọ mi. Ọkàn mi mọ̀ pé mo fẹ́ lọ wò ó bóyá ó máa ń yọjú wo abẹ́ páálí yẹn.

Yàrá ẹ̀ ló wà níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí dúró de ẹjọ́. Àkókò ìsinmi ni, kò sẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Òórùn bébà àti ti ìda tó yọ́ ló gba gbogbo ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ò tì tán, mo sì yọjú wo inú láti ibi tó ṣí díẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi díẹ̀, ó ti dojú fáìlì kan délẹ̀, ó ń ka ẹ̀yìn ìwé. Ètè ẹ̀ ń mì. Abala kan wá yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó jábọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ojú ẹ̀ sókè, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ síta gbangba.

Mo ní nínú ara mi pé ó tán, ọwọ́ ba Onípáálí lónìí. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkọ mi gbé ojú kúrò nílẹ̀, ó wo ògiri. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó wá páálí ẹ̀ kàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi bo ìwé náà mọ́lẹ̀ níbi tó wà. Ìgbà yẹn ló tó wolẹ̀. Ó ṣa àwọn méjèèjì pọ̀, ìwé àti páálí, ó dojú ìwé náà délẹ̀ sórí àwọn tó kù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye abala wọn látìbẹ̀rẹ̀.

Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bú ọkùnrin yìí ní òpùrọ́! Orí mi wú, mo fẹ́ wọlé lọ dì mọ́ ọn. Inú tún bí mi, torí mo wá mọ̀ báyìí pé òkúta ni mo ń bẹ̀ látọjọ́ yìí. Kò mọ nǹkan kan. Ojú ọmọ náà nìkan ló mọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ìta, mo gbé oúnjẹ fún obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ èdìdì lọ́dọ̀ ẹ̀, tó máa gba ipò ẹ̀ bó bá fẹ̀yìn tì, mo ní kó bá mi gbé e fún un, mo sì padà sílé.

Títí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè fi mọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Bí mo bá rántí abọ́ tó ń fọ̀, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá rántí ìyá oníbúrẹ́dì, màá ní rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ọkàn mi ṣáà ń sọ ọ́. Mo ti fọkàn ara mi ro gbogbo ohun tí ọmọdé lè ṣe, látorí olè títí dórí ẹ̀jẹ̀, mo sì ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ ọmọ náà bí aṣọ. Kò sí èyí tó bá a mu, kò sì sí èyí tí mo lè bọ́ lára ẹ̀.

Ó dé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa. Ọmọ wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi wà nídìí ẹ̀rọ mi torí ibẹ̀ lara ti máa ń tù mí. Ọkọ mi tún fa àga ẹ̀ yẹn fún un. Ó di ẹ̀yìn àga mú, kò jókòó.

“Bàbá, mo fẹ́ dúpẹ́ kí n tó tọrọ ohunkóhun,” ó ní. “Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé yìí ni mo ti dá yín mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé omi fún mi lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wá sí kóòtù. Ẹ mọ gbogbo ohun tí mo ṣe, síbẹ̀ ẹ fa àga yín fún mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe lè máa padà wá.”

Mo wo ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ tó dùn lọmọ yẹn sọ sí i, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin mìíràn á gbà, á sì fi mumi. Kó ṣáà mi orí báyìí, ó ti parí. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

“Mo mọ ojú ẹ, ọmọ mi,” ó ní. “Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ẹ. Mi ò kà á. Mi ò ka ti ẹnikẹ́ni rí.”

Ojú ọmọ náà yí padà. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wò ó dáadáa. Gbogbo ìgbà tó ti ń wá sílé wa, ohun kan ló gbára lé, pé ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n tinú tòde tí kò sì lé e. Ohun náà ló wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú wa yìí. Ó ṣì di àga mú.

Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé a ò tíì gba òun, àìmọ̀ ló jẹ́ ká máa fa àga fún òun. Ó ní òun ò fẹ́ fi àìmọ̀ gba ọmọ wa. Ó ní ká jẹ́ kóun sọ ọ́ fún wa báyìí, fún Bàbá àti fún Màmá, ká lè mọ ẹni tó ń tọrọ, bá a bá sì ní kóun máa lọ, òun á máa lọ. Ọmọ wa dìde dúró. Onífíríìjì la ẹnu láti sọ ọ́.

Ohun tí mo ti ń wá kiri rèé o, ó ti dé etí ètè. Etí mi ti ń yún mi torí ẹ̀, mo ti bá ọkọ jà torí ẹ̀, mo ti lọ dúró bí olè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù torí ẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́, ohùn ara mi ni.

“Dákẹ́, ọmọ mi. Adájọ́ ní kí wọ́n pa á dé. Ta lèmi tí màá tún un ṣí?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Èmi náà, ká ní mo lè yíjú sí ara mi ni, ǹ bá yí i. Àmọ́ ó ti yé mi. Kì í ṣe ohun tó ṣe ní kékeré ni mo ti ń fẹ́ mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó máa tan ọmọ mi jẹ, ó sì ti dá mi lóhùn tán kó tó sọ̀rọ̀. Àǹfààní wà nílẹ̀ fún un láti dákẹ́. Ó rí i pé a ò mọ̀, ó sì fẹ́ sọ ọ́, ó fẹ́ pàdánù ohun tó fẹ́ jù láyé kó má bàa fi èrú jókòó sórí àga onílé. Kí ló kù nínú fáìlì tó ju ìyẹn lọ? Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní ọmọ mi ti gbọ́ ọ, òun ló máa bá ọ gbé, ó sì yàn ọ́. Mo ní mo mọ ohun tí mo ń ṣe, nítorí náà àga yẹn kì í ṣe ti àìmọ̀ mọ́.

“Jókòó,” mo ní.

Ó jókòó. Kì í ṣe sí etí o, ó jókòó dáadáa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìgbà náà ni ọmọ wa tó wá sunkún, ó sì sun ún fún gbogbo wa. Ọkọ mi ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí hàn. Ó ní, “Ìwọ? O ò fẹ́ gbọ́?” Mo ní kó má dán mi wò, kí n má lọ yí ọkàn padà. Ó ń yún mi títí dòní, mi ò ní í tàn yín. Bí Onífíríìjì bá wá jẹun, tó bá dákẹ́ díẹ̀, màá ti máa gbé abọ́ kúrò nílẹ̀ kíákíá, kí n má bàa bi í.

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ní yàrá òkè. Òfin sì wà níbẹ̀ pé ẹni tó ń tẹ èdìdì ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ìwé ẹbí ara ẹ̀. Nítorí náà obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ yẹn ni wọ́n pè. Ká ní ẹ rí ọkọ mi ni. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, bí obìnrin náà ṣe gbé irin ni òun náà ń ká èjìká. Obìnrin náà gba páálí oníhò lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi bo ìwé ọmọ wa, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, èdìdì sì jáde dáadáa. Ó wá gbé ìwé náà fún ọ̀gá ẹ̀ kó bá òun yẹ èdìdì wò.

Páálí wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ìwé wà lọ́wọ́ ọkọ mi níhòòhò. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ kan tó ń rìn kiri lórí tábìlì, tó ń wá páálí. Ọwọ́ náà wá dúró. Ó wò mí. Ó tún awò ojú ẹ̀ ṣe, ó gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè.

Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Akọ̀wé àgbà wúkọ́. Ìyàwó mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de tiẹ̀, bàtà ń há a lẹ́sẹ̀. Kò gbọ́, kò rí. Ó ka orúkọ ọmọ wa, ó ka ti Onífíríìjì, ó ka iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó kà á títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, títí kan ọ̀rọ̀ wínníwínní tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kọ sí etí bébà. Ó wá padà sókè, ó tún un kà. Onífíríìjì ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ìwé. Ọmọ wa mọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Èmi náà mọ̀, pọ́dà ojú mi sì ti tán.

Nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀, mo rọra fa apá ẹ̀. Mo ní kí ló wà nínú ìwé náà?

Ó ní, “Ìwé kóòtù ni. Mi ò lè sọ.”

Mo fi báàgì mi nà án léjìká, ó sì rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.